Kúbùsù Àwọ̀sùn àti Àpò Ìsùn fún Ọmọ Ọwọ́ àti Apàgọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Iṣẹ́ kan náà ni àpò ìsùn ọmọ ọwọ́ àti ti ẹni tó ń sùn nínú àgọ́ ń ṣe. Kò sí èyí tó ń mú ooru wá nínú méjèèjì. Ooru tí ara ẹni bá mú jáde ni wọ́n ń dá dúró. Ewu wọn ló yàtọ̀. Ọmọ ọwọ́ kò lè bọ́ra, kò lè fa aṣọ kúrò nímú, nítorí náà ooru àpọ̀jù àti orí tó yọ́ wọnú àpò ni kí ẹ máa ṣọ́ fún un. Àgbàlagbà tó sùn síta, òtútù tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ ló sábà máa ń bá a jà. Ẹni tó bá fi òfin ọ̀kan yan èkejì yóò ṣì í rà.

Kí ni ọmọ fẹ́ fi kúbùsù àwọ̀sùn ṣe nígbà tí kúbùsù lásán wà nílé?

Kúbùsù àwọ̀sùn, ìyẹn àpò ìsùn ọmọ ọwọ́, ní ọrùn àti ojú apá bí ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí bí àpò, síìpù ló sì ń pa á dé. Ọmọ á máa ta ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe wù ú, aṣọ náà kò ní ṣí kúrò lára rẹ̀, kò sì ní gun ojú rẹ̀. Kúbùsù lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù 2 lè máa ta á títí yóò fi bo imú rẹ̀, kò sì ní agbára láti ká a kúrò. Ìdí nìyí tí American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ní kí ibùsùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ṣófo: kò gbọdọ̀ sí kúbùsù, ìrọ̀rí tàbí ọmọlangidi níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi lélẹ̀, lórí mátírẹ́ẹ̀sì tó le tó sì tẹ́jú. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ní kí a yé dojú ọmọ délẹ̀ sùn. Bí òtútù bá wà, aṣọ àwọ̀sùn ni ká fi rọ́pò ìbora. Tí ẹ bá sì ti wọ̀ ọ́ fún un, ẹ má tún fi kúbùsù lé e lórí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n tó bá ọmọ mu?

Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo gígùn. Bí ọrùn bá fẹ̀ jù, orí ọmọ lè yọ́ wọnú àpò lóru, níbi tí kò ti ní rí afẹ́fẹ́ tó dáa mí. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ fa síìpù dé òkè pátápátá, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìka kan tàbí méjì ni kó lè wọ àárín aṣọ àti ọrùn ọmọ. Bí gbogbo ọwọ́ yín bá wọ̀ ọ́, ó ti tóbi jù. Ẹ di èjìká aṣọ náà mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ rọra fà á sókè. Bí etí ọrùn aṣọ bá lè dé ẹnu tàbí imú ọmọ, ẹ dá a padà. Ẹ tún wo ojú apá. Kó má fún ọmọ lábíyá, kó má sì fẹ̀ débi tí apá rẹ̀ á fi lè yọ padà sínú.

Gígùn ló kàn. Ẹ wọn ọmọ láti èjìká dé gìgísẹ̀, kí ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kún un kó lè ráyè ta ẹsẹ̀. Ọmọ tí èyí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 48 fún nílò àpò tí inú rẹ̀ tó 58 tàbí 60. Ẹ má gbára lé ọjọ́ orí tó wà lára páálí, nítorí ọmọ oṣù 6 méjì lè yàtọ̀ síra gan-an. Ìwúwo ló ṣeé tẹ̀ lé jù. Ọ̀pọ̀ àpò ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kílò 4. Fún ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, tàbí tí oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n fi bí i, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Àwọn òbí kan máa ń ra èyí tó tóbi kó lè pẹ́ lára ọmọ. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wù òde. Fún àpò ìsùn, a bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Kí ni tog tí wọ́n ń kọ sára aṣọ wọ̀nyí?

Òṣùwọ̀n bí aṣọ ṣe ń dá ooru dúró ni. Shirley Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa aṣọ ní ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Bí tog bá ṣe ń pọ̀ sí i ni aṣọ ń mú ooru mọ́ra sí i. Ẹ má fi ìwúwo díwọ̀n rẹ̀ o, torí aṣọ fífúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀ lè ní tog tó ju ti aṣọ wíwúwo lọ. Ìwọ̀n ooru yàrá la fi ń yàn án. Ohun tí ẹni tó ṣe aṣọ náà kọ sí i ni kí ẹ tẹ̀ lé; ọ̀pọ̀ wọn kì í jìnnà sí èyí, ní dígírì Celsius:

- 24 sí 27: tog 0.5
- 20 sí 24: tog 1
- 16 sí 20: tog 2.5
- tí kò tó 16: tog 3.5

Bí yàrá bá gbóná ju 27 lọ, ẹ yọ àpò kúrò níbẹ̀. Ìlédìí àti síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ti tó, ìlédìí nìkan pàápàá tó nígbà mìíràn. Ní yàrá dígírì 18, àpò tog 2.5 lórí pijámà òwú alápá gígùn bá a mu. Ní 22, tog 1 lórí aṣọ òwú kan ṣoṣo ti tó.

Ẹ gbé tẹmométà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ, kó jìnnà sí fèrèsé àti ẹ̀rọ amúlétutù tàbí amúlégbóná. Ìgbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀ kó mọ́ ni òtútù sábà máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ lọ kà á nígbà náà lẹ́ẹ̀kan, kó tó di pé ẹ pinnu. Ẹ má sì wọ àpò méjì léra láti fi tog kún tog: ọrùn àpò òkè kò ní jókòó síbi tó yẹ mọ́.

Ọwọ́ ọmọ mi máa ń tutù lóru. Ṣé òtútù ń mú un ni?

Kò dájú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ máa ń tutù nígbà tí ara rẹ̀ wà dáadáa, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré débẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì gbẹ, ẹ jẹ́ kó sùn. Bí ó bá ń gbóná tàbí tó lọ́rinrin, tí irun rẹ̀ tutù fún òógùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, tí ara rẹ̀ sú wínníwínní, tàbí tó ń mí yára ju bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ bọ́ aṣọ abẹ́ kúrò, tàbí kí ẹ lo àpò tí tog rẹ̀ kéré sí i.

Ẹ má dé fìlà fún ọmọ tó ń sùn nínú ilé. Orí ni ọmọ ń gbà tú ooru sílẹ̀ jù, fìlà sì lè yọ́ bo ojú rẹ̀.

Nínú ooru àti òtútù, ooru ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù fún ọmọ ọwọ́. Ọmọ tí òtútù ń mú sábà máa ń jí, á sì sunkún. Èyí tí ooru mú lè sùn wọra, oorun àsùnwọra yẹn gan-an sì wà lára ohun tí àwọn dókítà ń fura sí nínú ikú òjijì ọmọdé lójú oorun.

Mo máa ń fi aṣọ di ọmọ mi pinpin kó lè sùn. Ìgbà wo ni kí n jáwọ́?

Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i pé ó fẹ́ yí ara padà, kódà bí kò tíì yí i tán. Àwọn ọmọ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù 3. Ọmọ tí apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tó sì dojú délẹ̀ kò ní lè ti ara rẹ̀ sókè. Ẹ gbé e lọ sínú àpò tí kò ní apá, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà níta. Àwọn ọmọ kan ń fẹ́ kí ẹ yọ ọwọ́ kan fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó yọ èkejì, àmọ́ bí ó bá ti ń yí ara, kò sáàyè fún ìyẹn mọ́.

Nígbà tí ẹ ṣì ń dì í, àyà ni kí aṣọ ti fún díẹ̀. Ìbàdí àti itan gbọ́dọ̀ ráyè ká sókè kí wọ́n sì là sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá na ẹsẹ̀ ọmọ tààrà tí a sì dì í pọ̀, orí egungun itan lè yẹ̀ kúrò ní ojú ihò rẹ̀.

Àpò tí wọ́n ki nǹkan wúwo sí ńkọ́? Wọ́n ní ó ń mú ọmọ sùn dáadáa.

Rárá. American Academy of Pediatrics sọ ọ́ kedere nínú ìtọ́ni wọn ti ọdún 2022 pé aṣọ àwọ̀sùn, aṣọ ìdimọ tàbí kúbùsù tí wọ́n ki nǹkan wúwo sí kò yẹ lára ọmọ ọwọ́ tàbí nítòsí rẹ̀. Àyà ọmọ ṣì rọ̀, ẹrù tó bá wà lórí àyà náà lè mú kí mímí ṣòro fún un.

Ṣé ọmọ lè wọ̀ ọ́ nínú àga ọkọ̀?

Aṣọ nínípọn kò gbọ́dọ̀ wà láàárín bẹ́líìtì àti ara ọmọ. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, aṣọ náà á tẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ á sì fò yọ. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ de ọmọ mọ́ àga, kí ẹ wá tẹ́ ìbora lé orí bẹ́líìtì, láti àyà lọ sísàlẹ̀.

Ọmọ mi ti ń dìde dúró lórí ibùsùn. Ṣé kí n pa àpò tì?

Ẹ má tíì pa á tì. Ẹ wá irú èyí tó ní ihò ẹsẹ̀ kó má bàa fi ìdí àpò kọsẹ̀. Bí ó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa síìpù, ẹ ra èyí tí orí síìpù rẹ̀ ń parí sísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Síìpù tó ń ṣí láti ìsàlẹ̀ tún dára fún pípààrọ̀ ìlédìí lóru láìbọ́ àyà ọmọ sí òtútù.

A fẹ́ gbé ọmọ ọwọ́ lọ sínú àgọ́. Ṣé kó sùn nínú àpò wa?

Ẹ má gbé e sínú àpò àgbàlagbà láé, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú yín. Kò sí ohun tó ń dá orí rẹ̀ dúró níbẹ̀, ìborí àti okùn rẹ̀ sì lè ká mọ́ ọn lọ́rùn. Àpò tirẹ̀ ni kó wọ̀, lórí ibi tó le tó sì tẹ́jú. Mátírẹ́ẹ̀sì aláfẹ́fẹ́ kì í ṣe ibùsùn ọmọ ọwọ́, nítorí ó ń rì bí ẹnìkan bá jókòó tì í. Aṣọ òwú tàbí ti irun àgùntàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kó wà lábẹ́, ẹ máa fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ nígbà tí ẹ bá jí. Rọ́bà omi gbígbóná tí àgbàlagbà ń gbé sẹ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Bí òru ibẹ̀ bá máa tutù sún mọ́ dígírì 0, èrò tiwa ni pé kí ẹ sun ìrìn àjò náà síwájú títí ọmọ yóò fi dàgbà.

Lára àpò apàgọ́, mo rí nọ́ńbà mẹ́ta. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìlànà ISO 23537, tó rọ́pò EN 13537 ti ilẹ̀ Yúróòpù, ló mú àwọn nọ́ńbà yẹn wá. Wọ́n máa ń wọ aṣọ abẹ́ fún ère ènìyàn tí iná ń mú gbóná, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àpò náà lórí ẹní nínú yàrá tútù, wọ́n á sì wọn ooru tó ń sá lọ lára rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Comfort: òtútù tí obìnrin kan tó nà gbalaja lè sùn nínú rẹ̀ láìgbọ̀n. Èkejì ni Limit: èyí tí ọkùnrin kan tó káwọ́ kásẹ̀ pọ̀ lè fi sun wákàtí 8 láìjí. Ẹ̀kẹta ni Extreme, òun ló sì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Ó túmọ̀ sí pé obìnrin náà lè fi wákàtí 6 wà níbẹ̀ kí òtútù má pa á. Kò ní sùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè bàjẹ́.

Ẹ fi Comfort rà á, ẹ̀yin ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ẹ wo òtútù tó le jù tí ẹ ń retí ní òru, kí ẹ mú àpò tí Comfort rẹ̀ fi nǹkan bíi dígírì 5 lọ sísàlẹ̀ sí i. Bí ìrìn àjò bá gun òkè, ẹ rántí pé ooru ń dín ní nǹkan bíi dígírì 6 ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá wà lára àpò, tí wọn kò sọ èwo ni, ẹ kà á sí Limit, kí ẹ má kà á sí Comfort.

Àpò mi dára, ó wọ́n, síbẹ̀ òtútù pa mí mọ́jú. Kí ló fà á?

Ẹní. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó jọ èyí, ẹní ló jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kì sínú àpò ń dá ooru dúró nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀. Níbi tí ẹ sùn lé, ìwúwo ara yín ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ ti jáde, ilẹ̀ sì ń fa ooru kúrò lẹ́yìn yín ní gbogbo òru.

R-value ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹní ṣe ń dá ooru dúró tó, òṣùwọ̀n ASTM F3340 sì ti mú kó ṣeé fi ẹní iléeṣẹ́ kan wé ti òmíràn láti 2018. R tí kò tó 2 wà fún òru tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ilẹ̀ bá máa tutù sún mọ́ dígírì 0, ẹ wá bíi 4. Orí yìnyín, 5 sókè. R ń ròpọ̀: ẹní fóòmù R 2 lábẹ́ ẹní aláfẹ́fẹ́ R 3 fún yín ní 5, fóòmù náà á sì gba ẹ̀gún àti òkúta fún èyí tó wà lókè. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ẹní ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí ẹ tó ra àpò tó le sí i.

Bí ẹní bá dára tí òtútù ṣì ń mú yín, ẹ wo aṣọ tí ẹ wọ̀ sùn. Aṣọ tí ẹ fi rìn ní ọ̀sán ní òógùn nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gbẹ. Ẹ jẹun kí ẹ tó sùn, ẹ tọ̀, ẹ fò sókè díẹ̀ kí ara lè yá, nítorí ẹni tó bá gbé òtútù wọnú àpò, òtútù náà ni àpò máa tọ́jú fún un. Àpò tó fẹ̀ jù náà jẹ́ ìṣòro: afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ara yín máa kọ́kọ́ gbóná. Ọmọdé tó ti dàgbà kọjá ọmọ ọwọ́, tó wà nínú àpò àgbàlagbà, ẹ ká ìdí àpò náà kí ẹ fi okùn dì í.

Ṣé kí n mí sínú àpò kó lè móoru?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló wà nínú èémí, inú aṣọ ló sì ń wọ̀ sí. Ẹ dé fìlà, ẹ fa ìborí mọ́ra, kí imú àti ẹnu wà níta. Láàárọ̀, ẹ yí inú àpò síta kí ẹ sá a fún bíi wákàtí kan.

Kí ni kí wọ́n kì sínú àpò tí mo máa rà: ìyẹ́ tàbí okùn àtọwọ́dá?

Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ múlọ́múlọ́ fúyẹ́, ó ń ká kéré, ó sì ń pẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi. Bí ó bá rin, ó di ìṣù, kò sì ní agbára kankan mọ́. Okùn àtọwọ́dá tóbi, ó wúwo, ṣùgbọ́n bó ṣe tutù tó, yóò ṣì mú ara gbóná díẹ̀, á sì tètè gbẹ. Ibi tí òjò bá pọ̀ sí, òun la máa mú.

Nọ́ńbà bíi 600 tàbí 800 lára àpò ìyẹ́ ń sọ bí ìyẹ́ náà ṣe ń wú tó, kò sọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi gíráàmù sọ ọ́ di púpọ̀. Gíráàmù 500 ti 600 jẹ́ 300,000. Gíráàmù 300 ti 800 jẹ́ 240,000. Bí àpò méjèèjì bá tóbi bákan náà, èyí tó jẹ́ 600 níbí ló máa móoru jù.

Àpò tó ní apá àti ẹsẹ̀, tí àgbàlagbà lè wọ̀ rìn, ṣé ó tó ra?

Ó dára fún jíjókòó níwájú àgọ́ lálẹ́, ó sì dára fún ẹni tí àpò tóóró ń fún lẹ́mìí. Fún òru tó tutù gan-an, kò tó àpò tó dí. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ta ooru síra wọn, bí ìka inú ìbọ̀wọ́ oníka márùn-ún kì í ṣe é gbóná tó èyí tí ìka wà pọ̀.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ di ojú kí ẹ wá orí síìpù. Bí ẹ kò bá lè jáde kíákíá nínú òkùnkùn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ súnmọ́ ààrò tàbí iná igi. Náílọ́ọ̀nù ń yọ́ ni, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bó ṣe ń yọ́.

Síìpù há. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má fà á tipátipá. Ẹ ti orí síìpù padà síbi tó ti wá, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa aṣọ inú tó há jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ máa ki ìka méjì sẹ́yìn orí síìpù bí ẹ bá ń fà á, kí wọ́n máa ti aṣọ inú sẹ́yìn. Bí síìpù bá ń pa dé tó sì ń là padà lẹ́yìn orí rẹ̀, orí náà ló ti yá ẹnu. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan díẹ̀, lẹ́yìn náà èkejì, kí ẹ dán an wò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, á kán.

Ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀: síìpù tó bá ti ń là fúnra rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ sọ àpò náà nù.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ wọ́n?

Ti ọmọ rọrùn. Ẹ fa síìpù dé, ẹ yí i sódì, ẹ fọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n ooru tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì, tó sábà máa ń jẹ́ dígírì 40. Ẹ má lo oògùn tí ń mú aṣọ rọ̀. Bí ó bá gbẹ, kí ẹ tó yí i padà, ẹ fi ọwọ́ tọ gbogbo ojú ìrán inú rẹ̀, pàápàá níbi ẹsẹ̀, kí ẹ sì gé okùn òwú tó bá yọ. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lè ká mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ, kó sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbẹ̀. Ẹ ṣe èyí náà fún àpò àlòkù tí ẹ bá rà. Ẹ fa bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ẹ sì wo ọrùn bóyá ó ti nà.

Àpò ìyẹ́ ló ń gba sùúrù. Ẹ fi ọṣẹ ìyẹ́ fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ wà níwájú, tí kò ní òpó láàárín, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń gbé e jáde, ẹ fi apá méjèèjì gbé e láti abẹ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan fà á, ìwúwo omi á ya àwọn ògiri inú rẹ̀. Ẹ gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ pẹ̀lú iná kékeré àti bọ́ọ̀lù tẹ́ńìsì mímọ́ 2 tàbí 3 tí yóò máa lu ìṣù ìyẹ́ túká. Ó lè gba wákàtí 3 sí 5. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti kan kókó, omi ṣì wà níbẹ̀, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Ibẹ̀ ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí n fi í sílẹ̀ nínú àpò kékeré tí wọ́n bá a tà?

Ojú ọ̀nà nìkan ni èyí wà fún. Nílé, ẹ fi sínú àpò òwú ńlá tàbí kí ẹ gbé e kọ́, níbi tó gbẹ. Àpò tí wọ́n ká pinpin fún oṣù púpọ̀ kì í wú padà bíi ti tẹ́lẹ̀, àgàgà èyí tó jẹ́ okùn àtọwọ́dá.

Ìyẹ́ ń yọ jáde lára àpò mi.

Ẹ má tu ú. Ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fà jáde ń fa òmíràn tẹ̀ lé e, ihò náà sì ń fẹ̀. Ẹ mú un láti òdì kejì aṣọ, ẹ fà á padà sínú, kí ẹ fi ìka ra ojú aṣọ náà títí ihò á fi pa dé. Bí aṣọ bá ya, ẹ gé tépù ìlẹ̀gọ́ tó ju ojú yíya náà lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1 yíká, ẹ gé igun rẹ̀ róbótó kó má bàa ká, ẹ nu ibẹ̀ kó mọ́ kó sì gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.